Àmì Ṣọ́ọ̀kì tí Mo Fà sí Ìdí Mítà

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà mí tán kí ẹ tó ṣépè fún mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi rí. Mi ò sọ ọ́ fún àlùfáà. Ó ti di ọdún mẹ́jọ tí mo ti gbé e pamọ́ sínú, mo sì rò pé mo lè gbé e dé sàréè. Mi ò lè gbé e mọ́. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bí mo bá bu òkèlè, kì í lọ. Àwọn ará ilé mi rò pé ibà ló ń ṣe mí.

Èèyàn kan ń jìyà ohun tí mo ṣe. Kò mọ̀ pé èmi ni mo ṣe é. Ó rò pé òun ni.

Iṣẹ́ rédíò ni mo ń ṣe. Agége ni mo ti kọ́ ọ, nítòsí ojú irin, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí màá pè ní Alàgbà Ṣóyẹmí. Ará Ìjẹ̀bú ni wọ́n, ọmọ ìjọ ni wọ́n, wọn kì í sì í pariwo mọ́ èèyàn. Wọ́n ti bá àwọn sójà òyìnbó ṣiṣẹ́ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Ìkẹjà nígbà ogun àgbáyé tó kọjá, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ iṣẹ́ náà.

Nígbà tí ogun parí, tí àwọn sójà ń lọ, ọ̀pọ̀ ohun èlò wọn ni wọ́n kó dà sẹ́yìn pápá náà. Òjò pa wọ́n, koríko hù bò wọ́n. Lóòrèkóòrè ni wọ́n máa ń lù wọ́n ní gbàǹjo fún àwọn oníirin àlòkù. Bàbà àti òjé inú wọn nìkan ni àwọn yẹn ń wá, wọn á fi òòlù fọ́ gbogbo ìyókù. Ó máa ń dun Ọ̀gá wa. Wọ́n á dúró ti òkìtì náà, wọ́n á máa mi orí: "Ẹ wo ohun tí òyìnbó fi ọdún méjì ṣe, tí wọ́n fẹ́ fi rọ ìkòkò ọbẹ̀!"

Nítorí náà, kí àwọn oníirin tó dé, Ọ̀gá á ti lọ bá wọn ná èyí tó ṣì ní ẹ̀mí. A ó kó o sórí ọmọlańkẹ́, a ó tì í láti Ìkẹjà wá sí Agége. Oríṣiríṣi ló ń bẹ níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ gílóòbù inú rédíò wò. Ẹ̀rọ kan tó ní gíláàsì róbótó lójú, tí iná aláwọ̀ ewé máa ń rìn kọ́lọkọ̀lọ nínú rẹ̀. Èyí tó sì wọ́pọ̀ jù ni mítà. A ó sá wọn sóòrùn, a ó lé eku jáde nínú wọn, a ó fi ìyẹ́ adìyẹ tí a rì bọ epo òyìnbó nu inú wọn díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó wá dán wọn wò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé mítà fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Àpótí dúdú ni, kò ju búrẹ́dì ńlá kan lọ. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan wà lójú rẹ̀ lábẹ́ gíláàsì. Bí o bá fi wáyà rẹ̀ kan ibi tí iná mànàmáná wà, abẹ́rẹ́ náà á dìde. Bí kò bá sí iná níbẹ̀, á sùn sílẹ̀. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ iná, abẹ́rẹ́ yẹn ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó ki ọwọ́ bọ nǹkan. Ẹ̀mí wọn ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́.

A pọ̀ níbi iṣẹ́, àmọ́ èmi àti Sàlámì la máa ń dán nǹkan wò. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Oṣù kan náà la wọṣẹ́, yàrá kan náà la gbà, ẹní kan náà la ń sùn lé. Bí mo bá ń ṣàìsàn, òun ló ń po ẹ̀kọ gbígbóná fún mi. Sàlámì ò ka ìwé rárá, kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé ohun èlò tí gbogbo wa ti pa tì sórí tábìlì, á máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. "Dìde, jọ̀ọ́. Òjò lásán ló pa ọ́, kò tíì pa ọ́ kú." Nǹkan náà á sì dìde.

Èmi lọ sílé ìwé dé ìwé kẹrin. Mo rò pé ó yẹ kí n mọṣẹ́ jù ú lọ. Mi ò mọ̀ ọ́n tó o. Ojú tì mí láti kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ òótọ́ ni: mo ń jowú rẹ̀.

Òfin kan wà tí Ọ̀gá fi lélẹ̀. A gbọ́dọ̀ dán mítà kọ̀ọ̀kan wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà ti Ọ̀gá fúnra wọn. A ó kọ́kọ́ fi bátìrì dán an wò, a ó sì wá fi iná inú ilé dán an wò. Ẹni tó bá ṣe é tán, tó sì dá a lójú, á fi ṣọ́ọ̀kì fa àmì rẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ mi ni mo ń kọ. Nítorí pé Sàlámì ò mọ̀ ọ́n kọ, oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ló máa ń yà, á fi tóótó kan sí àárín rẹ̀. Ọ̀gá máa ń sọ fún wa pé ẹni tó bá ti fa àmì, ó ti búra nìyẹn.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, wọ́n ń kọ́ ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà lọ́tùn-ún lósì. Gbogbo oníṣẹ́ iná ń wá mítà. Ọ̀gá ní àwọn fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, àti pé èmi tàbí Sàlámì ni àwọn máa fi ṣe olórí rẹ̀. Wọ́n ní tí oṣù bá parí, àwọn á sọ ẹni náà.

Láàárín oṣù yẹn ni Sàlámì rí mítà kan lábẹ́ tápólì jíjẹrà kan lórí òkìtì. Nígbà tó dà á dojú dé, omi tú jáde látinú rẹ̀. Ọ̀gá pàápàá ní kó jù ú nù. Kò jù ú nù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi tò ó. Lọ́jọ́ tó parí rẹ̀, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ọ̀gá, abẹ́rẹ́ méjèèjì jọ dìde, wọ́n jọ dúró sójú kan náà. Ọ̀gá kúrò lórí àga, wọ́n bọ Sàlámì lọ́wọ́ bí ẹni bọ ẹgbẹ́ ẹni lọ́wọ́.

"Sàlámì, ọwọ́ tìrẹ yìí, Ọlọ́run ló fún ọ."

Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Inú mi korò bí ewúro.

Ẹni tó fẹ́ ra mítà náà ni Bọ̀dá Táíwò, oníṣẹ́ iná ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ ní Ìkẹjà. Ìjọ kan náà ni wọ́n ń lọ pẹ̀lú Ọ̀gá. Wọ́n ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni àwọn máa wá gbé e.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ náà, Ọ̀gá wọ Èkó lọ. Sàlámì lọ kírun, ó fẹ́ kí a jọ lọ, mo ní inú ń run mí. Irọ́ ni. Mo fẹ́ tú mítà yẹn wò ni. Mo fẹ́ rí ohun tí ó ṣe sínú rẹ̀ tí èmi ò lè ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mi ò ní in lọ́kàn láti bà á jẹ́. Ooru mú, àtẹ́lẹwọ́ mi làágùn. Bí mo ṣe gbé e, ó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì dún gbà sórí sìmẹ́ǹtì.

Gíláàsì rẹ̀ ò fọ́. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo gbọ̀n ọ́n, mo gbọ́ tí nǹkan ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ nínú rẹ̀. Mo tú u. Wáyà kan bí irun orí ti já kúrò ní ojú ibi tí Sàlámì fi òjé lẹ̀ ẹ́ mọ́. Wáyà yẹn ló ń gbé iná ńlá. Mo ki irin tí a fi ń jó òjé sínú iná, mo fi òjé jó o padà. Mo ń kánjú kí wọ́n má bàa bá mi nídìí rẹ̀. Òjé náà ò yọ́ wọlé dáadáa, ó kàn lẹ̀ mọ́ ọn lórí ni. Mo fi bátìrì dán an wò, ó dára. Mo fi iná ilé dán an wò, abẹ́rẹ́ dìde. Mo ní alihamudulilahi. Mo wá fi ìka kan ta ìdí rẹ̀ bí a ti máa ń ṣe. Abẹ́rẹ́ náà sùn lọ, bẹ́ẹ̀ iná ṣì wà níbẹ̀. Mo tún ta á. Ó tún dìde.

Ẹ má ṣe bá mi sọ pé bóyá mi ò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Mo mọ̀.

Mo gbọ́ ohùn àwọn tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀. Mo dé e pa. Ìgbà tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀ ni mo rí i pé òógùn ọwọ́ mi ti nu àmì Sàlámì kúrò. Mo mú ṣọ́ọ̀kì. Mo ya oṣù. Mo fi tóótó sí àárín rẹ̀. Ó rí gẹ́gẹ́ bí tirẹ̀.

Sàlámì wọlé, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ó lọ sídìí tábìlì, ó gbé ọwọ́ lé mítà náà.

"Ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ kí n tún un dán wò lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó dé. Ọkàn mi kàn fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Kí lo tún fẹ́ dán wò? Ṣé Ọ̀gá ò rí i ni? Jókòó kí o jẹun, Bọ̀dá Táíwò ti ń bọ̀ lọ́nà."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó ń jẹun.

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí mítà náà ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi, mo lè pè é ní àgbákò. Ìbẹ̀rù ló mú mi fa àmì yẹn, mo lè sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ gbólóhùn tí mo fi mú un jókòó yẹn, mi ò tíì rí orúkọ tí mo lè pè é. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni ì bá gbà á. Ì bá ta ìdí rẹ̀, ì bá rí i, ì bá tún un ṣe, kò tiẹ̀ ní béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Bọ̀dá Táíwò dé lórí kẹ̀kẹ́ wọn. Èmi ni mo bá wọn fi okùn di mítà náà mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Wọ́n ṣàdúrà fún mi.

Mo sọ fún ara mi pé lọ́jọ́ Sátidé, màá wá irọ́ kan pa, màá lọ gbà á padà. Sátidé dé, mi ò lọ. Lọ́jọ́ Àìkú, mo ní ilé iṣẹ́ wọn ò ní ṣí. Lọ́jọ́ Ajé, Ọ̀gá rán mi níṣẹ́, inú mi sì dùn pé wọ́n rán mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹnì kan fi kẹ̀kẹ́ sáré wá láti Ìkẹjà. Ó ní Bọ̀dá Táíwò fi mítà wo wáyà kan, abẹ́rẹ́ ò dìde, wọ́n sọ fún àwọn tó wà níbẹ̀ pé kò sí iná, wọ́n sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Iná gbé wọn. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, wọn ò kú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún wọn jó. Ní ọsibítù, wọ́n gé ìka méjì kúrò.

Lọ́jọ́ kejì ni Ọ̀gá gbé mítà náà wálé. Wọ́n pè wá. Wọ́n fi iná ilé dán an wò, ó dìde. Wọ́n ta ìdí rẹ̀, ó sùn. Wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀.

"Àmì ta nìyí?"

Sàlámì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó títí. Mo rò pé á mọ̀.

"Àmì mi ni, sà."

"Ìwọ lo jó òjé inú rẹ̀?"

"Èmi ni, sà."

Ọ̀gá yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o mọ nǹkan kan nípa rẹ̀?"

Mo ní, "Rárá, sà."

Omi wà lójú Ọ̀gá nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Sàlámì, mi ò bínú sí ọ. Àmọ́ mi ò lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi ẹ̀mí rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́. Máa lọ."

Mo bá a di ẹrù rẹ̀ nínú yàrá wa. Kò sunkún. Ó kàn ń sọ ohun kan ṣáá: "Mo rò pé mo jó òjé yẹn dáadáa. Ó dá mi lójú pé mo jó o dáadáa." Èmi ni mo ń tù ú nínú. Èmi ni mo ń sọ fún un pé irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́.

Nígbà tí oṣù parí, Ọ̀gá fi mí ṣe olórí ṣọ́ọ̀bù Ìkẹjà. Ọ̀gá ti kú báyìí. Ṣọ́ọ̀bù náà ti di tèmi. Àwọn èèyàn ń pè mí ní ọ̀gá.

Sàlámì ò lè padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ nítorí ìtìjú. Ó lọ bá àwọn tó ń di obì ní ibùdókọ̀ ojú irin Agége. Òun ló ń fi orí ru agbọ̀n obì sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Kánò. Ọwọ́ tó ń jí òkú mítà dìde, agbọ̀n obì ló ń gbé. Bí mo bá ń kọjá níbẹ̀, á ju ọwọ́ sí mi, á sì béèrè àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó wá bá mi ṣiṣẹ́, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Èsì kan náà ló ń fún mi. Ó ní ọwọ́ òun ò yẹ fún iṣẹ́ tí ẹ̀mí èèyàn wà nídìí rẹ̀ mọ́. Àwọn tó gbọ́ pé mo ń pè é ń yìn mí pé mo mọyì ọ̀rẹ́.

Ní gbogbo ọdún Iléyá, ó máa ń gbé ẹran lọ sílé Bọ̀dá Táíwò ní Ìfàkò, á dọ̀bálẹ̀, á tún tọrọ àforíjì. Bọ̀dá Táíwò fúnra wọn ló sọ fún mi. Ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣọ́ báyìí, nítorí wọn ò lè ṣe iṣẹ́ iná mọ́. Wọ́n ní, "Mo ti dárí jì í láti ọjọ́ yẹn. Òun gan-an ni kò dárí ji ara rẹ̀." Ìka mẹ́ta ni wọ́n fi di ife mú bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Mi ò lè gbójú sókè.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Ràmá, ìyàwó Sàlámì, wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní onílé wọn fẹ́ fa iná wọ gbogbo yàrá. Nígbà tí àwọn tó ń fa wáyà dé ẹnu ọ̀nà tiwọn, Sàlámì dènà. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má gbé e wọlé, pé bí iná bá wọ inú ilé òun, òun á tún fi ṣe èèyàn léṣe. Àwọn alájọgbé ń fi í ṣe ẹlẹ́yà.

Obìnrin náà ní, "Bàbá Ganíyù, ẹ̀yin lẹ bá a ṣiṣẹ́. Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé lóòótọ́ ni ọwọ́ ọkọ mi ò dáa?"

Mo ní màá wá sílé wá bá a sọ̀rọ̀. Mi ò tíì lọ.

Bó ṣe ń lọ, ó rí ìwé ìròyìn lórí tábìlì mi, ó béèrè bóyá mo ti kà á tán. Ó ní òun ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà, òun ti mọ̀wé kà. Ó ní ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, òun máa ń ka ojú ìwé tí àwọn èèyàn ń jẹ́wọ́ sí yìí sí Sàlámì létí, pé kò sí ibòmíràn tó fẹ́ràn bí ibẹ̀. Ó ní àánú àwọn tó ń kọ ọ́ máa ń ṣe é, á ní kí òun dúró díẹ̀, á sì ṣàdúrà fún wọn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé kálàmù. Ojo ni mí. Mi ò lè sọ ọ́ lójú rẹ̀, ìwé ni mo ń gbà lọ bá a.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Kí ni mo lè ṣe fún Bọ̀dá Táíwò tí á tó ìka méjì? Ṣé kí n kó ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín? Bí ó bá kọ̀ ọ́ ńkọ́? Ẹ kọ èsì sí mi, bó bá tiẹ̀ jẹ́ èébú.

Ìyá Ràmá, mo mọ̀ pé ẹ ti dá mi mọ̀ láti òkè ìwé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dákẹ́. Ẹ má fò ó. Ẹ ka èyí tó kù yìí sókè kó gbọ́.

Sàlámì, kì í ṣe ìwọ. Èmi ni. O ní o fẹ́ tún un dán wò, èmi ni mo ní kí o jókòó. Má ṣàdúrà fún mi lónìí. Dìde, kí o wá bá mi. Mo wà nílé, mi ò ní lọ síbì kankan.